Kí Ni Lámúdà Ń Ṣe Níbí?

Ẹ̀rọ tàípù tó wà níwájú Ìyá Alálàfo ní gbogbo lẹ́tà tí èèyàn lè fi kọ̀wé sí ọkọ, sí ọ̀gá, tàbí sí ìjọba. Lẹ́tà àwọn Gíríìkì nìkan ni kò sí lára rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ obìnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn onímọ̀ ìṣirò àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò lè sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n má fa lẹ́tà Gíríìkì kan wọ̀ ọ́. Bó bá ń tàípù, tó dé ibi tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ yẹ kó wà, á fọwọ́ gbá igi gbọọrọ ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, á fo ibẹ̀, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ìwé olójú ewé igba lè ní ẹgbẹ̀rún àlàfo. Bó bá tàípù tán, á mú kálàmù ẹlẹ́nu tín-ín-rín àti yíǹkì dúdú, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí àlàfo tirẹ̀ títí ìwé á fi pé. Ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ ọ́ ní Ìyá Alálàfo. Orúkọ náà kọ́kọ́ bí i nínú, ó ní ṣé eyín òun ló yọ ni, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi dáhùn tẹlifóònù.

Yàrá rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan ní yunifásítì. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń sáré lọ sí kíláàsì, orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá. Fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń so kẹ̀kẹ́ mọ́. Tábìlì kan, iná ọlọ́rùn gígùn kan, páálí ìwé òfìfo mẹ́ta, agolo bisikíìtì tó ń kó bébà kábọ́ọ̀nù sí, àti àpótí ìjókòó kan tí kò ní ẹ̀yìn. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló kan àpótí náà. Ọkùnrin yẹn fẹ́ fi ẹ̀yìn sí i, aya rẹ̀ ló ní kó má fi sí i, pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ̀yìn tì nígbà tóun bá ń bi í ní ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó sì máa ń bi wọ́n kò ju méjì lọ. Ẹni tó bá ni ìwé gbọ́dọ̀ jókòó sórí àpótí yẹn, kí òun àti obìnrin yìí jọ yẹ àwọn àlàfo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Lẹ́tà wo ló wà níbí?" Ẹni náà á dáhùn. "Kí ló ń ṣe níbí?" Ìbéèrè kejì yìí ló máa ń dá ariwo sílẹ̀. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Àwọn kan á wo aago. Onímọ̀ ìṣirò kan bi í pé kí ló kàn án nínú ohun tí lẹ́tà ń ṣe, ṣé òun ló fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ìyá Alálàfo kò bá a jà. Ó kàn dé ìgò yíǹkì rẹ̀ padà, ó káwọ́ mọ́ àyà, títí ọ̀gbẹ́ni náà fi ṣàlàyé. Bí kò bá gbọ́ ohun tí lẹ́tà ń ṣe, kálàmù rẹ̀ kì í wọnú yíǹkì.

Kì í ṣe àṣejù ló mú un dé ibẹ̀. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ nípa omi odò gbé ìwé oyè rẹ̀ wá. Lẹ́tà kan wà tí wọ́n ń pè ní róò, òun ni ọ̀dọ́kùnrin náà fi ń sọ bí omi ṣe wúwo tó. Lẹ́tà p tiwa náà wà níbẹ̀, òun ló fi ń sọ bí omi ṣe ń ti nǹkan tó. Bó ṣe fọwọ́ kọ méjèèjì, ìbejì ni wọ́n. Obìnrin yìí kò bèèrè, ó ń sáré kó lè parí, ó kọ róò sí ibi méjìlélógójì tí kò yẹ kó wà. Àwọn tó yẹ ìwé náà wò dá a padà, wọ́n ní kí ó di ọdún tó ń bọ̀. Kí ọdún náà tó pé, iṣẹ́ tí wọ́n fi pamọ́ dè é ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀dọ́kùnrin náà wá kí i kó tó lọ, ó ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, pé ọwọ́ ìkọ̀wé òun ni kò dára. Èyí tó sọ yẹn ló dun obìnrin náà jù. Ká ní ó bú u ni, ì bá ti gbàgbé. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bèèrè, nítorí ó dá a lójú pé ẹni tó bá mọ ohun tí lẹ́tà kan ń ṣe, ojú rẹ̀ kò ní ṣì í mú fún òmíràn.

Gbogbo ìdáhùn tí wọ́n ń fún un ló ń kọ sínú ìwé ẹlẹ́yìn líle kan, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú ewé tirẹ̀. Ojú ewé lámúdà ló kọ́kọ́ kún. Lámúdà ni lẹ́tà tó yasẹ̀ bí ẹni tó ti dúró de mọ́tò títí tó ti sú u. Ó ti lẹ bébà mọ́ ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì tíì tó. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ìmọ́lẹ̀, lámúdà ni ìwọ̀n láti orí ìgbì kan sí orí ìgbì tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń tọ́jú òkúta tó ń tan agbára jáde ní tiwọn, bí agbára náà ṣe ń yára kú lọ ni. Ẹni tó ń kọ́lé ìkẹ́rù-tútù ní bí ooru ṣe ń gba inú ògiri kọjá ni. Àwọn oníṣirò ènìyàn àti nǹkan ní iye ìgbà tí wọ́n retí pé kí ohun kan ṣẹlẹ̀ ni, bí iye ìgbà tí tẹlifóònù á dún láàárín wákàtí kan. Ayàwòrán ilẹ̀ ní bí ibì kan ṣe jìnnà sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn tó ni. Obìnrin kan tó ń kọ́ nípa ètò ọ̀gbìn ní èrè tóun máa jẹ ni, bí wọ́n bá fún òun ní ilẹ̀ díẹ̀ sí i. Ìyá Alálàfo ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó ní òṣìṣẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí nílé mẹ́fà, tí kò sì pẹ́ dé ọ̀kankan, ó yẹ kí wọ́n fún un ní lìífù.

Obìnrin yìí kò lè yanjú ìṣirò kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tó ń tẹ̀. Ilé ìwé girama ló dé, kò kọjá ibẹ̀. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìgbà kan wà tí olùkọ́ onímọ̀ ooru àti olùkọ́ oníṣirò ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ níwájú tábìlì rẹ̀, tí ohùn ti ń lọ sókè, tó sì ṣí ìwé rẹ̀, tó ka ìlà méjì, tí àwọn méjèèjì rí i pé lámúdà oníkálukú ni oníkálukú ń jà fún. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un. Eré ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n dọ̀bálẹ̀. Bí mo bá ní kí n dárúkọ ọ̀mọ̀wé márùn-ún ní gbogbo ilé yẹn, obìnrin tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn yìí á wà nínú wọn, ẹni tó bá sì máa jiyàn kó kọ́kọ́ lọ jókòó sórí àpótí yẹn ná.

Ó wá di Ọjọ́rú kan. Obìnrin kan wọlé, ó mú fáìlì aláwọ̀ ilẹ̀ lọ́wọ́. Àǹtí Láàbù ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń tọ́jú yàrá àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ físíìsì: ó ń to irinṣẹ́ kalẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, ó ń tún èyí tí wọ́n bà jẹ́ ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ. Ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ rèé níbẹ̀. Kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń rùn bí òróró ẹ̀rọ.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀gá ní kẹ́ ẹ bá àwọn tẹ èyí. Wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ síbi àpérò ńlá yẹn. Aago méjìlá Fúráìdè ló gbọ́dọ̀ kúrò níbí."

"Ó ti yá. Gbé e síbẹ̀."

Ó gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò tètè mú ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ ló ń wò, níbi tí wọ́n kọ àkòrí sí, tí wọ́n sì kọ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, òun nìkan. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́ mọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀. Ìyá Alálàfo rí i, kò sì ka ohun tó rí kún.

Ó tàípù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn títí ọ̀sán fi pọ́n títí ó fi rọ̀. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé Ọ̀jọ̀gbọ́n dáadáa, ọwọ́ oníkánjú tí í fò láti orí ìlà kan sí òmíràn. Èyí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ kékeré, tó nàró, tó fa ìlà sí àárín eéje rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó rò pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ló bá a dà á kọ. Àlàfo mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀, lámúdà ni gbogbo wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n wá. Olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ físíìsì ni, ọkùnrin gíga tí í fi ẹ̀rín wọlé. Kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Nígbà tí òòlù bọ́ lu àtàǹpàkò ọkọ Ìyá Alálàfo, mọ́tò Ọ̀jọ̀gbọ́n ló gbé ọkùnrin náà dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ sì ta sí gbogbo àga ẹ̀yìn, kò sọ nǹkan kan. Òun náà ló ń fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ Ìyá Alálàfo lọ́dọọdún kí wọ́n tó lè sọ ọ́ dọ̀tun.

"Màmá, mi ò ráyè lónìí. Lámúdà ni gbogbo ẹ̀. Ẹ sáà máa kọ ọ́ lọ."

"Mo ti rí i pé lámúdà ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Kí ló ń ṣe níbí?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín. Onímọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni lámúdà ti ń bá a ṣe láti ọgbọ̀n ọdún. "Gígùn ìgbì ni. Ìgbà mélòó lẹ ti kọ ọ́ fún mi?"

Obìnrin náà ṣí ìwé ẹlẹ́yìn líle rẹ̀. "Ó pọ̀, sà. Ṣùgbọ́n bí lámúdà bá jẹ́ gígùn ìgbì, mítà tàbí nǹkan tó kéré sí mítà máa ń tẹ̀ lé nọ́ńbà ẹ̀. Mo tẹ àtẹ nọ́ńbà mẹ́rin nínú èyí. Nọ́ńbà lásán ló wà níbẹ̀. Kò sí mítà, kò sí nǹkan kan."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i lọ, ó ṣí i bọ̀. Ó wo ìṣirò gígùn tó wà ní ojú ewé kẹfà bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí wọn kò kọ sí òun. Ó ti ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ti ka ìparí rẹ̀, ó sì ti rí i pé iṣẹ́ gidi ni. Àárín ni kò tíì ráyè kà.

"Bóyá bí agbára rẹ̀ ṣe ń kú lọ ni."

"Bó bá jẹ́ ìyẹn, sà, wọn á sọ fún wa pé iye tó ń kú ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Kò sí ìyẹn náà."

Ẹ̀rín ti kúrò lójú ọkùnrin náà. "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ wá di onímọ̀ físíìsì ni?"

"Rárá o, sà. Ìdí tí mo fi ń bèèrè nìyẹn."

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ jẹ́ n máa lọ. Lẹ́tà lásán ni."

"Ẹ máà bínú, sà. Mi ò lè kọ ọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dá ìwé náà padà sórí tábìlì. "Ta ló ń fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ yín?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó dìde, orúnkún rẹ̀ gbá etí tábìlì, yíǹkì mì nínú ìgò. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní òun á rán ẹni tó máa ṣàlàyé fún un wá. Ẹ má rò pé onígboyà ni Ìyá Alálàfo. Ó máa ń kígbe bó bá rí aláǹgbá nínú yàrá. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá òun kò ti fi ìwà àgídí ba oúnjẹ òun jẹ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni Àǹtí Láàbù wọlé. Ó jókòó sórí àpótí bí ẹni tí wọ́n pè wá sọ́fíìsì torí ẹ̀sùn.

"Kí ni lámúdà ń ṣe níbí?" Ìyá Alálàfo bi í, ó ń retí ìdáhùn.

"Ẹ ní ìdérí agolo kan tẹ́ ẹ lè yá mi, Ìyá?"

Ó yá a ní ìdérí agolo bisikíìtì. Àǹtí Láàbù mú ẹfun ìkọ̀wé jáde nínú àpò, ó ha á sórí ìdérí náà títí ibẹ̀ fi funfun. Ó fi ìka kan gbé e ró láàárín, ó wá ń fi pẹ́ńsùlù lu etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ó kúrò níbì kan, ó kó jọ síbòmíràn, títí tí ìlà méjì fi hàn kedere lójú ìdérí, wọ́n dábùú ara wọn.

"Ẹ wò ó. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n bá lù máa ń gbọ̀n, bó bá sì ń gbọ̀n, ó ní àwọn ìrísí kan tó jẹ́ tiẹ̀. Ìrísí mìíràn tẹ́ ẹ bá gbé lé e lọ́wọ́, á dà á rú, á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́ tiẹ̀ yìí, ohun yòówù kó fojú wọn rí, ara wọn náà ni wọ́n máa jẹ́. Wọ́n kàn lè tóbi sí i tàbí kí wọ́n kéré sí i ni. Lámúdà ló ń sọ ìlọ́po tí wọ́n fi tóbi. Ìrísí kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀."

"Ìlọ́po. Ìyẹn ni ò ṣe ní mítà."

"Ìyẹn ni ò ṣe ní mítà, Ìyá." Ojú Àǹtí Láàbù ti là. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ti ń sọ̀rọ̀. "Bí irin náà bá wá sán níbì kan, kó tiẹ̀ jẹ́ pé ojú ò lè rí i, àwọn lámúdà á sún kúrò láyè wọn díẹ̀. Wọn ò ní sún bákan náà. Tẹ́ ẹ bá wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe sún, ẹ máa mọ ibi tó ti sán. Ẹ ò ní tú ẹ̀rọ, ẹ ò ní gé nǹkan kan. Ẹ kàn máa lù ú, kẹ́ ẹ fetí sí i."

"Ta ló rí èyí?"

"Èmi ni mo wọ̀n wọ́n. Irin igba ó lé mẹ́rìndínlógún."

"Mi ò bèèrè ẹni tó wọ̀n wọ́n."

Àǹtí Láàbù wo ìdérí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo rí i," ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì.

Ó wá sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ó ń kó ẹrù kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, irin kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, dídún rẹ̀ kò sì dà bíi ti àwọn yòókù. Ẹlòmíràn ì bá jù ú nù. Ó nù ún, ó wò ó, kò rí nǹkan. Ó gbé e sábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá, ó sì rí ibi tó ti sán, tín-ín-rín bí irun. Láti ìgbà náà ló ti ń kó irin tí wọ́n bá ti fẹ́ jù nù jọ. Ìṣirò tó wà níbẹ̀, ìwé láíbírì ló fi kọ́ ara rẹ̀. Ibi tí kò bá yé e, á bi olùkọ́ kan, ìgbà mìíràn á bi ẹlòmíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè ohun tí ará láàbù fẹ́ fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Nígbà tó kọ gbogbo rẹ̀ tán, ó gbé e fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé kó bá òun wò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ó dára gan-an, ó máa lọ síbi àpérò.

"Orúkọ ẹ ńkọ́?"

"Tèmi kẹ̀, Ìyá? Orúkọ àwa ará láàbù kì í wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó nu ẹfun kúrò lójú ìdérí. "Mo kàn rò pé èyí á yàtọ̀ ni."

Ìyá Alálàfo ṣí ojú ewé ìkẹyìn. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láàbù." Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ lánàá. Ó ti tẹ ìlà yẹn sínú ìwé tí kò lóǹkà, ìka rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n débi pé ojú rẹ̀ kì í sí níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ọdún tó fi ń bi lẹ́tà ní ohun tí wọ́n ń ṣe, kò bèèrè lọ́wọ́ ìlà yẹn rí. Ojú tì í, ojú tì í gan-an. Ó ti kálàmù bọ yíǹkì, àwọn méjèèjì sì jọ yẹ àlàfo mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, Àǹtí Láàbù ń ṣàlàyé, òun ń kọ ọ́. Aago mẹ́rin kù díẹ̀ ni wọ́n parí.

Nígbà tó ń bu oúnjẹ alẹ́ fún ọkọ rẹ̀, ó ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un. Ọkùnrin náà gé e lẹ́nu.

"Màmá wọn, ilẹ̀kùn mélòó ni mo ti kàn nílùú yìí? Orúkọ mi ò sí lára ọ̀kankan. Ṣé mo kú?"

"Ẹ ò kú. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ò kọ orúkọ tiẹ̀ sára wọn."

Ọkọ rẹ̀ bu òkèlè kan jẹ. Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀ tí èékánná kò hù dáadáa lórí rẹ̀ mọ́. "Mọ́tò ọkùnrin yẹn ló gbé mi."

"Mi ò gbàgbé."

"Tí wọ́n bá ní kó o máa lọ sílé ńkọ́?"

"Màá wá máa bá yín fá pákó."

"O ò mọ̀ ọ́n fá." Ó fọwọ́. "Má bú u ṣá."

"Mi ò ní bú u. Màá bi í ní ọ̀rọ̀ ni."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó yọ ojú ewé àkọ́kọ́, ó tún un tẹ̀. Kò yí àkòrí padà. Kò yọ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Lẹ́yìn orúkọ náà ló tẹ "àti," ó wá gbá igi ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ní ìgbà mẹ́rìnlélógún. Kò fi nǹkan kan sí àyè náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dé ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọkùnrin tó máa gbé ìwé lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ti dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níta fèrèsé, ó ń fi agogo kẹ̀kẹ́ ṣeré.

"Ó ti parí, àbí?"

"Ó ku àlàfo kan, sà. Ojú ewé àkọ́kọ́ ló wà."

Ọkùnrin náà mú ojú ewé náà. Ó kà á. Ó yẹ kí ó ti gbé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún un kà, etí rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀díẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Àlàfo ni, sà. Ẹ mọ̀ pé mi ò kì í dá a kọ. Ẹni tó bá ni ìwé ló máa ń sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi." Ó tọ́ka sí àyè òfìfo náà. "Bẹ́ ẹ bá ní kí n dí i pa, màá dí i pa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́."

Agogo kẹ̀kẹ́ dún níta. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sáré gba orí wọn kọjá. Ọ̀jọ̀gbọ́n lè ní kó dí i pa. Kò sí ẹni tó máa bi í. Ìwé náà á lọ, wọ́n á ṣe àpérò, ọdún kọkàndínlógún Àǹtí Láàbù á sì di ogún. Ó dúró pẹ́, ó fi ojú ewé yẹn sọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kó jókòó, ó jókòó sórí àpótí. Ó pe orúkọ Àǹtí Láàbù gan-an, tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀.

Ìyá Alálàfo ti ojú ewé náà bọ ẹ̀rọ. Ó tọ́ ọ títí ìlà fi ṣe déédéé. Ó gbé ìka lé ẹ̀rọ, kò tẹ̀ ẹ́.

"Kí ló ń ṣe níbí, sà?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ìta fèrèsé. "Òun ló rí i," ó ní. "Òun ló ṣe gbogbo ẹ̀. Èmi kàn kà á ni."

Ìyá Alálàfo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ìwé náà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ fi sínú àpò ìwé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ bá oníkẹ̀kẹ́. Orúkọ tirẹ̀ ló ṣì ṣáájú. Ìyá Alálàfo kò fẹ́ràn ìyẹn, títí di òní kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Nígbà tí ọdún yí po, Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi bá a ṣàwàdà. Kò sì sí ẹni tó sọ fún Àǹtí Láàbù nínú àwọn méjèèjì, ojú ń ti ọ̀kan, èkejì gbà pé kì í ṣe òun ló yẹ kó sọ ọ́.

Oṣù méje lẹ́yìn tí wọ́n fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, ìwé àpérò dé láti ilé ìtẹ̀wé. Àǹtí Láàbù wọ yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn wá ní ọ̀sán gangan, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ṣí ìwé náà sórí ẹ̀rọ tàípù, ó fi ìka tí òróró wà létí èékánná rẹ̀ tọ́ka sí orúkọ kan. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, inú ìwé tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó wá síṣẹ́ nìkan ni wọ́n ti ń kọ orúkọ yẹn nínú ilé náà. Ó fa àpótí sẹ́yìn, ó jókòó.

"Ìyá, ẹ bá mi kà á sókè."

Ìyá Alálàfo wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á.

"Ẹ tún un kà."

Ó tún un kà.